A Ń Bá Ara Wa Gbé Fóònù

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín jẹ, gbèsè kì í pa èèyàn. Ìpè ló ń pa èèyàn. Gbèsè fúnra rẹ̀ lè jókòó jẹ́ẹ́ sí kọ̀rọ̀ yàrá láti àárọ̀ dalẹ́ kó má bá ẹ sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kí aago mẹ́sàn-án ṣáà ti lù, fóònù mi á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lórí tábìlì bí ẹni tí ibà ń ṣe. Bí mi ò bá gbé e, àwọn tó yá mi lówó á pe ẹ̀gbọ́n ìyá mi. Bí ẹ̀gbọ́n ìyá mi ò bá gbé e, wọ́n á pe mánẹ́jà wa. Wọ́n pe obìnrin tó ń ta búrẹ́dì ní àdúgbò wa, torí pé nọ́ńbà rẹ̀ wà lórí fóònù mi, wọ́n ní kó bá àwọn sọ fún mi pé olè ni mí. Obìnrin náà jẹ́ iṣẹ́ yẹn gẹ́lẹ́ bí wọ́n ṣe rán an. Ó fi búrẹ́dì lé mi lọ́wọ́, ó ní, "Wọ́n ní olè ni yín o," ó fún mi ní ṣéńjì mi, ó sì kí mi pé ó dàárọ̀.

Láyé àwọn bàbá wa, wọ́n ní ológò ni olówó máa ń rán sí onígbèsè. Á wá, á tẹ́ ẹní sẹ́nu ọ̀nà rẹ, á jókòó, á máa bú ẹ títí wàá fi sanwó. Ó kéré tán, ológò ìgbà yẹn máa ń sùn. Tiwa kì í sùn. Inú fóònù ló ń gbé, ó sì mọ orúkọ gbogbo ẹni tí o mọ̀. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ológò la máa ń pe àwọn tó ń pè wá, èmi àti àwọn mẹ́ta tí a jọ ń ṣiṣẹ́.

Iṣẹ́ aṣọ lílọ̀ ni mò ń ṣe. Ilé ìfọṣọ tí mo wà, bẹ́díṣíìtì àti táwẹ́ẹ̀lì àwọn òtẹ́ẹ̀lì là ń fọ̀ níbẹ̀, kì í ṣe ẹ̀wù ẹnì kọ̀ọ̀kan. Yàrá gígùn kan ni. Fèrèsé rẹ̀ ga débi pé ojú ọ̀run nìkan lèèyàn ń rí, ilẹ̀ rẹ̀ kì í gbẹ, òórùn ọṣẹ àti ti aṣọ gbígbóná sì ti wọ inú irun mi débi pé bí mo bá wà nínú ọkọ̀, àwọn èrò á máa wò mí bí ẹni pé èmi gan-an ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Gbígbóná ni wọ́n ń pè mí níbi iṣẹ́. Wọ́n ní nítorí áyọ́ọ̀nù ni. Irọ́ ni wọ́n ń pa, nítorí ẹnu mi ni.

Ìyá Omi ló ń bójú tó àwọn ẹ̀rọ ìfọṣọ. Iṣẹ́ abẹ ọkọ rẹ̀ ló yáwó ṣe. Iṣẹ́ abẹ náà yọrí sí rere, ara ọkọ le koko, ó sì fi ara líle náà fẹ́ ìyàwó kékeré. Dírẹ́bà ló ń fi ọkọ̀ kó aṣọ lọ, tó ń kó o bọ̀. Alùpùpù ló yáwó rà, kó lè máa fi pa owó lẹ́yìn iṣẹ́. Wọ́n jí i gbé lọ́jọ́ kọkàndínlógún tó rà á. Ẹni kẹta ni Pásítọ̀, tó ń ká aṣọ. Kì í ṣe pásítọ̀ rárá. Ó ti lé lẹ́ni àádọ́ta ọdún, ohùn rẹ̀ sì rinlẹ̀, ló jẹ́ ká máa pè é bẹ́ẹ̀. Òun ò tilẹ̀ yáwó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó kàn ṣe onídùúró fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ni, ọ̀rẹ́ náà sì fẹsẹ̀ fẹ.

Èmi, nítorí àbúrò mi ni. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni nígbà tí ìyá wa kú, èmi jẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Èmi ni mo pọ̀n ọ́n, èmi ni mo wẹ̀ ẹ́, èmi ni mo nà án nígbà tó ń jí ṣúgà jẹ. Ó dàgbà, ó kọ́ iṣẹ́ wẹ́dà. Irin tó bá jó mọ́ra, ẹ ò ní mọ ibi tó ti kán. Ẹnì kan wá sọ pé òun á mú un lọ sí ìlú òkèèrè, síbi tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀ ojú omi. Mo yá owó ọ̀nà rẹ̀ lórí fóònù, mo sì fi nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀ pé òun ni onídùúró mi. Ẹni tó mú un lọ gba owó tán, ó já a jù sílẹ̀ níbẹ̀, kò sí ọkọ̀ ojú omi kankan. Àwọn ológò ń pè mí, wọ́n sì ń pè é lọ́hùn-ún. Lọ́jọ́ kan ó fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí mi pé ojú ń ti òun, pé òun ò ní pè mí mọ́ àfi tí òun bá rí nǹkan kan dì mú. Láti ọjọ́ náà, nọ́ńbà rẹ̀ ò lọ mọ́. Ó di oṣù mẹ́jọ. Kí n má parọ́ fún yín, owó ọ̀hún ò dùn mí mọ́. Ohun kan ṣoṣo tí mo ń wá láyé ni kí fóònù yẹn dún lọ́jọ́ kan, kó jẹ́ òun.

Bí eré wa ṣe bẹ̀rẹ̀ rèé. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mò ń lọ aṣọ, mò ń sunkún, fóònù ń dún, mo gbàgbé áyọ́ọ̀nù sórí bẹ́díṣíìtì, ó jó o. Ìyá Omi fi ọwọ́ tútù rẹ̀ já fóònù náà gbà, ó gbé e. Ológò béèrè mi. Ìyá Omi ní ilé ìfọṣọ nìyí, kí ni àwọ̀ ohun tí wọ́n ń wá. Ológò ní èèyàn lòun ń wá. Ìyá Omi ní ó yé òun, àmọ́ ṣé àwọ̀ rẹ̀ máa ń ṣí, torí pé tó bá ń ṣí, omi tútù nìkan la máa fi fọ̀ ọ́, kò sì ní í yá kí ọjọ́ Jímọ̀ tó dé. Ó tún béèrè bóyá bọ́tìnnì rẹ̀ pé. Ológò ló kọ́kọ́ pa fóònù. Mo tún un sọ o, ológò ló kọ́kọ́ pa fóònù. A wo ara wa, ẹ̀rín bú jáde, a rín in títí mánẹ́jà fi yọjú wò wá. Wọ́n yọ owó bẹ́díṣíìtì náà nínú owó oṣù mi, mi ò sì bínú.

Ìgbà yẹn ló yé wa pé ìtìjú ẹlòmíràn fúyẹ́. Bí mo bá gbé fóònù tèmi, ohùn mi á máa gbọ̀n, màá máa bẹ̀bẹ̀, màá máa ṣèlérí ohun tí mi ò ní. Ṣùgbọ́n ti Dírẹ́bà, kí ló kàn mí? Mi ò jẹ wọ́n ní nǹkan kan. Bí a ṣe ń kó fóònù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sínú àpò ìrọ̀rí kan láràárọ̀ nìyẹn, tí a ń fi í kọ́ sára ìṣó lábẹ́ fèrèsé. Ẹnì kan á jẹ Olóhùn lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan, òun lá máa gbé fóònù gbogbo wa títí di ọ̀sán. Òfin méjì ló wà. Tí fóònù bá dún tó sì jẹ́ orúkọ ló hàn lójú rẹ̀, kí Olóhùn sáré gbé e fún ẹni tó ni ín. Tó bá jẹ́ nọ́ńbà lásán, ológò ni; má béèrè orúkọ rẹ̀, má bú u, fi ṣeré. Èmi ni mo ṣe òfin méjèèjì. Orúkọ àbúrò mi wà lórí fóònù mi, ọkàn mi balẹ̀ pé tó bá pè, orúkọ rẹ̀ ló máa hàn.

Tó bá di àkókò oúnjẹ ọ̀sán, Olóhùn á dojú báákẹ́ẹ̀tì dé, á gun orí rẹ̀, á ròyìn gbogbo ìpè fún wa, á sì máa sín àwọn ológò jẹ. Dírẹ́bà máa ń dáhùn bíi wọ́dà tó ń darí ọkọ̀: ẹ dúró níbẹ̀, ẹ jẹ́ kí ti apá òsì kọ́kọ́ kọjá. Pásítọ̀ máa ń gbàdúrà fún wọn. Ológò kan ṣe àmín títí, ó wá ní kí Pásítọ̀ bá òun fi ti gbèsè tòun náà sínú àdúrà. A ò rí owó san o, ìyẹn ò yí padà. Wọ́n ṣì ń fi àwòrán wa ránṣẹ́ kiri, èlé ṣì ń gorí èlé. Àmọ́ ọ̀rọ̀ tó bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là á fi í rín.

Ọ̀dọ̀ mi ni ikú ti wọ inú eré náà. Ológò Ìyá Omi kan ló halẹ̀ lọ́jọ́ kan pé òun máa lẹ àwòrán rẹ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà ilé ìjọsìn rẹ̀. Èmi ni Olóhùn. Inú bí mi, mo ní Ìyá Omi ti kú. Ó béèrè ohun tó pa á. Mo ní ìpè yín ni. Ó ní ẹ kú ará fẹ́ra kù, odidi ọjọ́ mẹ́fà ni wọn ò fi pè. Ẹ bá mi wo Ìyá Omi lọ́jọ́ mẹ́fà yẹn, orin ló ń fi ẹnu kọ nídìí ẹ̀rọ láti àárọ̀. Àwọn àgbà ní ikú yá ju ẹ̀sín lọ, la bá bẹ̀rẹ̀ sí í pa ara wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Dírẹ́bà kú lẹ́ẹ̀mejì lóṣù kan. Bẹ́díṣíìtì ló wó pa Pásítọ̀. Ẹnì kan ṣoṣo tí a ò rí tàn jẹ ni ọmọbìnrin kan láti ọ̀dọ̀ àwọn tí mo jẹ lówó, tí a ń pè ní Ohùn Oyin. Aago mẹ́sàn-án géérégé ló máa ń pè, kì í bú èèyàn. Nígbà tí Dírẹ́bà sọ fún un pé mo ti kú, ó ní Ọlọ́run á tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ ire, ta wá ló máa san owó náà. Ó tún pè lọ́jọ́ kejì.

Ọjọ́rú kan ni òtẹ́ẹ̀lì méjì kó aṣọ wá lẹ́ẹ̀kan náà. Apẹ̀rẹ̀ kún dé ẹnu ọ̀nà, ẹ̀rọ ń pariwo, a ò gbọ́ ara wa. Pásítọ̀ ni Olóhùn. Mo rí i lábẹ́ fèrèsé, fóònù tó wà létí rẹ̀, tèmi ni, torí pé mo ti fi sẹ́lótéèpù dì í lẹ́yìn. Èjìká rẹ̀ ń mì fún ẹ̀rín. Ó juwọ́ sí mi. Èmi náà juwọ́ sí i.

Nígbà tó di ọ̀sán, ó gun orí báákẹ́ẹ̀tì. Ó ròyìn ti Dírẹ́bà, ó ròyìn ti Ìyá Omi, ó ní òun fi tèmi pamọ́ sí ìgbẹ̀yìn ni, torí pé irú rẹ̀ ò wáyé rí láti ọjọ́ tí a ti ń ṣeré yìí. Ọkùnrin ló pè, ó ní, nọ́ńbà lásán, ariwo ọkọ̀ sì pọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ó ní òun fẹ́ bá ẹni tó ni fóònù sọ̀rọ̀, pé ọ̀rọ̀ owó kan ni.

"Mo ní, ọmọ mi, o pẹ́ jù. A sin ín ní Sátidé."

Ìyá Omi ti bẹ̀rẹ̀ sí í nu ojú. Pásítọ̀ ní ọkùnrin náà béèrè ohun tó ṣe mí.

"Mo ní, ẹ̀rín ni. Ẹ̀rín ló pa á."

Èmi tí mò ń sọ fún yín yìí, èmi ni mo rẹ́rìn-ín jù. Mo ṣubú lé apẹ̀rẹ̀ aṣọ, mo di ikùn mú, mo ní kó dákẹ́ kó má lọ pa mí lóòótọ́. Pásítọ̀ ò dákẹ́. Ó ní ọkùnrin náà béèrè bóyá mo jẹ̀rora, ẹ gbọ́ ológò tó ń béèrè ìrora, òun sì dá a lóhùn pé rárá o, ó rẹ́rìn-ín títí oorun fi gbé e lọ. Ó ní ni ọkùnrin náà bá bú sẹ́kún. Ó ní wọ́n ti ń kọ́ àwọn ológò ní ẹkún níbi iṣẹ́ báyìí, àti pé eléyìí mọ̀ ọ́n sun dáadáa. Ó ń sunkún, ó ń sọ pé òun ti rí ìdajì owó náà, òun ti rí i, ó sì ń pe orúkọ kan ṣáá.

Ìyá Omi bi í pé orúkọ wo.

"Ìyá-Ẹ̀gbọ́n," ni Pásítọ̀ wí, ó sì fi ohùn ẹkún sín in jẹ. "Ìyá-Ẹ̀gbọ́n, Ìyá-Ẹ̀gbọ́n, bẹ́ẹ̀."

Ẹ̀rín ṣì wà lẹ́nu mi nígbà tí mo gbọ́ ọ. Mo fẹ́ pa ẹnu mi dé, kò pa dé. Ẹnì kan ṣoṣo ló ń pè mí bẹ́ẹ̀ láyé yìí, láti ìgbà tó ti wà lẹ́yìn mi. Mi ò sọ orúkọ náà fún àwọn yòókù rí; àbúrò mi ni mo máa ń wí, kò sì sẹ́ni tó béèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ojú mi ni wọ́n wò tí ẹ̀rín fi kú mọ́ wọn lẹ́nu lọ́kọ̀ọ̀kan. Pásítọ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí báákẹ́ẹ̀tì.

Mo pe nọ́ńbà náà padà. Obìnrin kan ló gbé e. Ó ní òun wà nínú ọkọ̀, ó ní bẹ́ẹ̀ ni, arákùnrin kan yá fóònù òun ní ibùdókọ̀ láàárọ̀, tó ní òun fẹ́ fi pe ẹ̀gbọ́n òun. Ó ní ó gbé báàgì kan àti páálí kan tó fi okùn dì. Nígbà tó sọ̀rọ̀ tán, ó dá fóònù padà, ó tún dúpẹ́, lẹ́yìn náà ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín èrò. Mo bi í pé ọkọ̀ ibo ló wọ̀. Ó ní òun ò mọ̀, ọkọ̀ tòun ti dé, òun sì ti wọ̀ ọ́, ó ti tó wákàtí mẹ́ta sẹ́yìn, ọkọ̀ ìlú márùn-ún ló sì máa ń gbéra níbẹ̀. Ohùn rẹ̀ rọ̀, ó káàánú wa. Ó ní, "Ó sọ fún mi pé ẹ̀gbọ́n òun ti kú. Ẹ kú ará fẹ́ra kù o."

Mo ní, "Èmi ni ẹ̀gbọ́n náà."

Ó pa fóònù. Mo tún pè é, kò lọ. Mo fi ti Dírẹ́bà pè é, ó gbọ́ ohùn mi, ó pa á, ti Dírẹ́bà náà ò lọ mọ́. Mi ò dá a lẹ́bi. Ta ló fẹ́ bá òkú sọ̀rọ̀ nínú ọkọ̀?

Pásítọ̀ dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí ilẹ̀ tútù yẹn níwájú mi, bàbá tó tó bí mi. Mo sọ ọ̀rọ̀ kan sí i tí mi ò ní tún sọ níbí. Ó gbà á, kò gbé orí sókè. Ẹ̀yìn ìgbà tí mo sọ ọ́ tán ni mo rántí ẹni tó ṣe òfin pé ká má béèrè orúkọ, àti ẹni tó kọ́kọ́ pa èèyàn lórí fóònù. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Mo ní kí bàbá dìde, kí òtútù má mú wọn.

Nígbà tí a ṣíwọ́ nírọ̀lẹ́, Dírẹ́bà fi ọkọ̀ iṣẹ́ gbé mi lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá mi, torí pé yàtọ̀ sí èmi, òun nìkan ni ẹbí tó kù tí àbúrò mi lè pè. Wọn ò ṣílẹ̀kùn. Ojú fèrèsé ni wọ́n ti bá mi sọ̀rọ̀, wọ́n ní tó bá jẹ́ nítorí owó ni mo ṣe wá kí n máa lọ. Mo ní kì í ṣe owó. Mo ní tí ọmọ yẹn bá pè yín, ẹ bá mi sọ fún un pé mo wà láàyè. Wọ́n ní àwọn ti pààrọ̀ nọ́ńbà láti ìgbà tí àwọn olówó mi ti ń bú àwọn, pé àwọn ọmọ tí àwọn bí nìkan ló ní tuntun. Kò lè pè wọ́n. Mo ní ẹ ṣé mà, a sì yí ọkọ̀ padà.

Mo sọ fún oníbúrẹ́dì. Mo sọ fún ẹni tó ni ilé tí mo ń gbé tẹ́lẹ̀, kí àwọn ológò tó jẹ́ kí n kó kúrò níbẹ̀. Mo ní tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan bá dé tó gbé páálí, kí wọ́n dì í mú, kí wọ́n pè mí. Wọ́n ní àwọn á ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá dùbúlẹ̀, ọ̀rọ̀ kan ni mo máa ń rò. Ẹni tí wọ́n sọ fún pé wọ́n ti sin ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Sátidé, ta ló fẹ́ wá kí nílé? Ilé wo ló fẹ́ wá? Kò ní ìyá, kò ní bàbá, èmi náà ni gbogbo wọn. Ó ti rí ìdajì owó, ó ti di ẹrù, ó ti ń bọ̀. Gbogbo ọ̀nà ló ti wà níwájú rẹ̀ báyìí, kò sì sí èyí tó dé ọ̀dọ̀ mi.

Mo yọ fóònù mi kúrò nínú àpò ìrọ̀rí. Èmi ni mò ń gbé gbogbo ìpè báyìí, ibi yòówù kí mo wà, kódà tí ọwọ́ mi bá wà lórí áyọ́ọ̀nù. Mi ò kí ẹnikẹ́ni kí n tó sọ ọ́. Tí mo bá ti gbé e, ohun àkọ́kọ́ tí mò ń sọ ni pé mo wà láàyè. Àwọn ológò ò mọ ohun tí wọ́n máa fi ìyẹn ṣe. Ọ̀kan ní ìyẹn dáa, ìgbà wo ni màá sanwó. Òmíràn ní ṣé mò ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Mo bẹ̀ wọ́n, mo ṣèlérí ohun tí mi ò ní, ìtìjú gbá mi mú lọ́rùn bíi ti àtijọ́, mi ò sì pa fóònù. Dírẹ́bà gbìyànjú láti dá wa lẹ́rìn-ín lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó tún dáhùn bíi wọ́dà, ó sọ ọ́ dé ìdajì, ó jókòó. Pásítọ̀ ń ká aṣọ lọ, ohùn ńlá yẹn ti wọ inú rẹ̀ lọ.

Ọ̀sẹ̀ kẹta ni èrò kan sọ sí mi lọ́kàn. Àwọn wo ló mọ èèyàn wá jù láyé yìí? Àwọn tó rí oníbúrẹ́dì. Àwọn tó rí mi lẹ́yìn tí mo kó kúrò nílé, ọ̀sẹ̀ kan ò pé. Inú mi dùn. Lọ́jọ́ kejì, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí mo ti jẹ gbèsè, mo jókòó ti fóònù, mò ń retí kí aago mẹ́sàn-án lù.

Ohùn Oyin pè. Mo ní mo wà láàyè. Ó ní òun mọ̀, mà, òun ò gbà á gbọ́ lọ́jọ́ yẹn náà. Mo ro gbogbo ọ̀rọ̀ náà fún un láti ìbẹ̀rẹ̀, ti báákẹ́ẹ̀tì, ti ẹ̀rín, ti ibùdókọ̀. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ibi tí gbogbo èèyàn wà, ẹ bá mi wá a. Ohunkóhun tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi lé owó náà, ẹ fi lé e."

Mo gbọ́ tó ń tẹ nǹkan lórí kọ̀ǹpútà. Ó béèrè orúkọ rẹ̀, mo sọ ọ́. Ó béèrè nọ́ńbà rẹ̀ àtijọ́, kí n tó kà á dé ìdajì ó ti bá mi kà á parí.

"Mà," ó ní, "òun kọ́ ni onídùúró yín? Àwa náà ti ń wá a láti oṣù mẹ́jọ."

Ẹ̀rọ Ìyá Omi ń yí lẹ́yìn mi. Mo ní kí wọ́n má dẹ́kun, kí wọ́n máa wá a lọ, kí wọ́n wá a bí wọ́n ṣe ń wá olè. Mo ní, "Tẹ́ ẹ bá rí i, kẹ́ ẹ tó sọ nǹkan mìíràn, ẹ sọ fún un pé mo ṣì jẹ yín lówó. Ẹ sọ fún un pé ẹ̀ ń bá mi sọ̀rọ̀ lójoojúmọ́, mi ò rí i san."

Ó ní òun ti kọ ọ́ sílẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, kí aago mẹ́sàn-án ṣáà ti lù, ó ń pè, mi ò sì jẹ́ kó dún lẹ́ẹ̀mejì. Mo máa ń bi í pé ṣé wọ́n ti rí i. Á ní wọn ò tíì rí i, mà, owó ńkọ́? Màá ní kò tíì sí. Á ní ó dàbọ̀, mà. Èmi náà á ní ó dàbọ̀, màá bẹ̀ ẹ́ pé kó jọ̀ọ́, kó pè mí lọ́la.